Ọwọ́ Òsì Awakọ̀ Hẹlikọ́pítà

Imú ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Kí èéfín tó hàn, òórùn rọ́bà wáyà tó ń yọ́ á ti gba inú ọkọ̀ kan. Inú ọkọ̀ náà kò gbòòrò: ìjókòó mẹ́rin péré ló wà nínú R44, hẹlikọ́pítà tí iléeṣẹ́ Robinson ní ìlú Torrance, ní California, ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Láti ìgbà tí òórùn yẹn bá ti dé, ọwọ́ òsì awakọ̀ ni kí ẹ máa wò.

Ọwọ́ ọ̀tún ò ráyè. Ó di ọ̀pá ìdarí tó wà níwájú mú, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, torí hẹlikọ́pítà kékeré kì í dúró jẹ́ẹ́ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló máa fi ọ̀pá tirẹ̀, èyí tó ń mú ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, tí á lọ pa súwíìṣì bátìrì, tí á pa ti alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná, tẹ̀ lé e, tí á sì padà sáyè rẹ̀. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pa. Tó bá pa ti bátìrì nìkan, alternator tí ẹ́ńjìnnì ń yí ṣì lè máa bọ́ wáyà tó ń jó.

Ẹ́ńjìnnì kò ní kú o. Magneto méjì tó wà lára rẹ̀ ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná, wọn ò sì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ bátìrì. Àwọn tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ ló kú: governor, tó máa ń bá a tọ́jú eré ẹ́ńjìnnì, àti fèrè tó máa ń ké tí ìyípo abẹ̀bẹ̀ òkè bá ti wálẹ̀ dé ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ méjèèjì di ti ojú àti ọwọ́ òsì. Ojú á máa lọ sára abẹ́rẹ́ aago méjì, ti ẹ́ńjìnnì àti ti abẹ̀bẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti fún aago méjèèjì ní ọ̀nà iná tiwọn, kí wọ́n má baà bá àwọn yòókù kú. Ọwọ́ á sì máa yí ìdímú tó wà lórí ọ̀pá. Ẹni tó ń wa zémìjàn ní Tchaourou, ní Benin, máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí ìdímú sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí alùpùpù lè sáré. Níbí, ọwọ́ òsì ni, síta ló sì ń yí i. Bó bá yí i jù, ẹ́ńjìnnì á sáré kọjá ààlà. Bí kò bá yí i tó, abẹ̀bẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, kò sì sí fèrè tó máa sọ fún un.

Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an ló gbiná lójú ọ̀run, ètò yí padà. Ọwọ́ òsì kì í kọ́kọ́ wá súwíìṣì kankan. Ó rẹ ọ̀pá sílẹ̀ pátápátá, kí afẹ́fẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ lè máa yí abẹ̀bẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Tí àyè bá wà, ó pa ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná, torí ẹ̀bá páìpù èéfín ni afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn ti ń wá. Ó ṣí ihò afẹ́fẹ́. Ó pa bátìrì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́, á balẹ̀ bó ṣe máa ń balẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fa mixture, ìdarí tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, jáde, tí á sì ti ọ̀nà epo tó wà láàárín ìjókòó méjì iwájú. Wọ́n máa ń fi ike kékeré kan bo mixture yẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì fà á lójú ọ̀run. Mo fẹ́ràn ike náà. Ẹni tó ronú kàn án mọ ohun tí ìkánjú ń fi ọwọ́ èèyàn ṣe.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni iná tó sọ nílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣáná sí ọkọ̀. Ìwé ìtọ́ni R44 ní kí awakọ̀ má dáwọ́ dúró: kó máa yí ẹ́ńjìnnì lọ, kó lè fa ọwọ́ iná àti epo tó pọ̀ jù wọnú. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣáná, kó jẹ́ kó sáré ní ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà díẹ̀, kó tó pa á. Tó bá kọ̀, kó ti epo, kó pa bátìrì, kó sì wá ẹ̀rọ apaná, tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun, tàbí erùpẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, erùpẹ̀ wà nínú ìwé.

Erùpẹ̀ kò wọ́n ní Alafiarou, ní agbègbè Tchaourou. Ibi tí ọkọ̀ máa bà sí ló ṣòro. Oko iṣu kò dára: bí ẹsẹ̀ kan bá gun ebè, tí èkejì wọ poro, hẹlikọ́pítà lè dojú dé. Oko kajú kò ní àyè. Lásìkò ọyẹ́, koríko gbígbẹ ló burú jù, torí páìpù èéfín R44 sún mọ́lẹ̀, ó sì gbóná gan-an. Robinson fúnra wọn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bà sínú koríko gíga tó ti gbẹ. Awakọ̀ tó bá sá fún iná lókè, tó wá bà síbẹ̀, iná ló fi pààrọ̀ iná. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń ṣọ́ pápá iléèwé àti oko tí wọ́n ti sun, nígbà tí imú rẹ̀ kò tíì gbọ́ òórùn kankan.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bà sítòsí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹ̀yìn lọ sídìí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ìrù ṣe rẹ́gí orí èèyàn, bó bá sì ń yí, ojú kì í rí i. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán níwájú, níbi tí awakọ̀ ti lè rí yín, títí abẹ̀bẹ̀ méjèèjì á fi dúró. Ẹ má gbé omi wá fún iná wáyà. Ṣọ́bìrì ni kí ẹ mú dání.