Àṣà Ni Tàbí Ètò? Àríwísí Kan lórí Kọ̀ǹpútà Ilé-Ìwòsàn Ifẹ̀, pẹ̀lú Ẹ̀rí láti Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn

1. Ìfáàrà

Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ pé àṣà ìbílẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fìdí múlẹ̀ dáadáa ní ilẹ̀ wa. Wọ́n ní Yorùbá bẹ̀rù àgbà jù, pé ọmọ iṣẹ́ kì í sọ òtítọ́ tí ó korò fún ọ̀gá rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu tẹ́ wa lọ́rùn ju ohun tí a kọ sílẹ̀ lọ. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti yẹ ẹ̀sùn náà wò. Iṣẹ́ tí a ó gbé lé ìwọ̀n ni èyí tí Mikko Korpela, ọmọ ilẹ̀ Finland, tẹ̀ jáde ní 1996 nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Information Technology for Development. Ilé-ìwòsàn Ifẹ̀ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé àṣà ìbílẹ̀ ni gbòǹgbò ìdíwọ́ tí ẹ̀rọ yìí ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ètò ìṣèlú àti ọrọ̀-ajé? A fara mọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú láti fi hàn pé ó dúró níbi tí ó yẹ kí ó ti tẹ̀síwájú. Àdúgbò Àrẹ̀mọ ní àárín Ìbàdàn àtijọ́ ni a ó pè ní ẹlẹ́rìí.

2. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ní Ifẹ̀

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí à ń pè ní Yunifásítì Ifẹ̀ títí di 1987, àti ilé-ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀, pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Kuopio ní Finland láti fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Irinṣẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún ìwòsàn àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti inú ìsapá yìí ni MINPHIS ti jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí a ṣe ní ilẹ̀ wa, tí àwọn ilé-ìwòsàn ìkọ́ni mìíràn náà sì wá lò.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ aláìsàn lè rò pé ohun kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ nìkan. Yorùbá kan lè ní orúkọ àbísọ, oríkì, àti orúkọ tí ẹ̀sìn fún un. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ó tún lè gba orúkọ ìdílé ọkọ. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì lè má mọ̀ ọ́n ju Ìyá Bọ̀sẹ̀ lọ. Akọ̀wé kan yóò kọ Ṣọlá, èkejì yóò kọ Shola, ẹ̀kẹta yóò kọ Sola láìsí àmì kankan. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n. Bí aláìsàn bá sọ káàdì rẹ̀ nù, tí a kò sì rí fáìlì rẹ̀, a ó ṣí tuntun fún un. Inú fáìlì àkọ́kọ́ ni a ti kọ ọ́ pé oògùn kan kò bá ara rẹ̀ mu. Fáìlì tuntun ṣófo, òun sì ni dókítà ń wò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

3. Ìdáhùn Korpela

Ìdáhùn Korpela ni pé kò tọ́ kí a di ẹ̀bi ìdíwọ́ wọ̀nyí ru àṣà ìbílẹ̀. Ó ní ètò ìṣèlú àti ọrọ̀-ajé ni kí a bi léèrè. A gbà pẹ̀lú rẹ̀, a sì lè fi ẹ̀rí tiwa kún un.

Èkínní, ẹ wo Ìbàdàn. Olúbàdàn kì í jẹ́ ọmọ tí ó jogún oyè baba rẹ̀. Mọ́gàjí agboolé ni yóò máa ti oyè kékeré bọ́ sí ńlá lórí ìlà Òtún tàbí ìlà Balógun, bí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ bá ti ń gòkè tàbí tí wọ́n ń wàjà. Àgbà ń bẹ níbẹ̀, ọ̀wọ̀ sì ń bẹ, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ni ó ń dá ọ̀ràn. Yorùbá náà ni ó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilé Ifẹ̀. Àṣẹ tí ń ti òkè bọ̀ láìsí pé ìròyìn ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, pẹ̀lú fáìlì tí a lẹ ‘àṣírí’ mọ́, inú ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ni a ti bá a.

Èkejì, owó. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí a ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè rà di ọ̀wọ́n gógó, iná mànàmáná kò sì dúró déédéé. Kò sí oríkì tàbí ìkúnlẹ̀ kankan tí ó fa èyí.

Ẹ̀kẹta, ìṣòro náà kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní 1951, Trist àti Bamforth kọ nípa àwọn awakùsà èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà iṣẹ́ tuntun tí ẹ̀rọ mú wá tú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ó ti mọwọ́ ara wọn ká, iṣẹ́ sì dàrú. Kò sí Yorùbá kan nínú ihò èédú wọ̀nyẹn. Láti inú irú ẹ̀kọ́ yìí ni Enid Mumford ní Manchester ti gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ pé àwọn tí yóò lo ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó bá wa pète rẹ̀.

4. Ibi tí a ti yapa sí i

Níbo wá ni àríwísí wa wà? Korpela gba àṣà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò bi í ní ọgbọ́n. Ó dàbí agbẹjọ́rò tí ó gba ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀, tí kò sì rántí pé ẹlẹ́jọ́ náà mọ iṣẹ́ kan tí ilé-ẹjọ́ nílò.

Ẹ jẹ́ kí a dé Àrẹ̀mọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé a kò ka àkọsílẹ̀ sí, kí ó rántí pé Hinderer ti tẹ̀dó sí Kudẹ̀tì láti 1853, àti pé ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Àrẹ̀mọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Áńgílíkà àtijọ́ ní ìlú náà. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wù wá jù ni káàdì alájọ. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a fà sí i fún oṣù kan. Bí oníṣòwò bá ti san owó òòjọ́, alájọ yóò sàmì sí káàdì lójú rẹ̀, yóò sì sàmì sí ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú. Owó ọjọ́ kan ni èrè alájọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀nà tí ètò yìí gbà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ni a ṣe kọ ọ́. Ẹni tí ń kọ ọ́ mọ ìsọ̀ rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan. Bí àríyànjiyàn bá sì dé, a ó gbé káàdì àti ìwé síwájú àgbà, a ó fi wọ́n wé ara wọn. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé ń lò ó láìsí ìdààmú. Àwọn ìyá kan náà ni ó ń tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn sínú àpótí, tí wọn a sì mú un wá bí ọjọ́ bá pé. Ta ni ó wá sọ pé wọn kò lè jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ nínú ètò àkọsílẹ̀?

5. Àtakò

A kò gbọdọ̀ yin agboolé ju bí ó ti yẹ lọ. Alájọ mìíràn ti gbé owó olówó sá lọ. Ọkùnrin ni ó sábà ń jẹ mọ́gàjí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àìsàn kì í ṣe owó àjọ: ohun tí a lè kà sókè lójú gbogbo ará ọjà, a kò lè ka irú rẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí oyún ènìyàn nínú ọgbà tí gbogbo etí ti ń gbọ́. Àwọn àléébù yìí kò pa ọgbọ́n inú rẹ̀ run. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ọ̀nà ni kí a kọ́ lọ́wọ́ alájọ, kí a má kó gbogbo ìṣe rẹ̀ wọlé.

6. Ìparí

Ohun tí a rí fà yọ ni pé kí akọ̀wé ẹ̀ka àkọsílẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń pète ẹ̀rọ kí a tó rà á. Kí a bi aláìsàn ní gbogbo orúkọ tí ó ń jẹ́, kí a sì ka ohun tí a kọ fún un ní ìkọ̀kọ̀. Kí ó mú ẹ̀dà ohun tí ó ṣe kókó lọ sílé. Bí a bá ṣe èyí, a ó lè fi ìdáhùn Korpela ṣiṣẹ́. Bí a kò bá ṣe é, a ó kàn gba àṣà sílẹ̀ lásán ni, fáìlì Ìyá Bọ̀sẹ̀ yóò sì tún sọnù.