Àga Kan Nínú Òkùnkùn

Fei jókòó sórí àga kan nínú òkùnkùn. Ohun kan tí a so rọ̀ ń fì lọ fì bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì ń ròyìn fún wa: ogun tí wọ́n jà, ìlú tó wó, ẹni tó kú. Bí púpọ̀ nínú sídì kejì géèmù Xenogears ṣe rí nìyẹn. Àwa tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa darí ọmọkùnrin yìí la aginjù kọjá di òǹkàwé lójijì. Wọ́n á já wa sójú ìjà kan, ìjà á parí, àga á tún dé.

Square ló gbé géèmù yìí jáde ní Japan ní oṣù Kejì ọdún 1998, fún PlayStation. Tetsuya Takahashi ló darí rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Kaori Tanaka, ti kọ́kọ́ gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ fún Final Fantasy VII, kó tó wá di iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n ní láti fi ṣe é, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ò tíì mọ́ lára. Nígbà tó hàn pé àkókò ò ní tó, ó kù sọ́wọ́ Takahashi bóyá kó fi ìtàn náà mọ sí òpin sídì kìíní, tàbí kó gé ìyókù kúrú. Ó yàn láti sọ ọ́ tán. Mo gbà pé ó ṣe é re, síbẹ̀ ó dùn mí.

Ó dùn mí nítorí bí sídì kìíní ṣe kún tó. Ẹ wo Lahan, abúlé kékeré tí Fei ti ń ya àwòrán, tí wọ́n ń palẹ̀ ìgbéyàwó Alice àti Timothy mọ́. Òru ọjọ́ kan, àwọn ẹ̀rọ ológun tó ga ju ilé lọ já lu abúlé náà. Fei kó sínú ọ̀kan láti gbèjà àwọn èèyàn rẹ̀, agbára rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì run abúlé tó tọ́ ọ dàgbà. Dan, àbúrò ìyàwó, ọmọdé tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n, ló wá ń ké mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó jókòó ròyìn ìyẹn fún wa; àwa la bá a wọ inú ẹ̀rọ náà.

Ẹni tí wọ́n bí sínú agbo ilé tí Babátúndé àti Yétúndé wà yóò tètè mọ ohun tí Takahashi ń lépa. Láti nǹkan bí 10,000 ọdún ni Fei àti Elly, obìnrin tó fẹ́ràn, ti ń wáyé, tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń padà wá. Lọ́dọ̀ wa, ayọ̀ ni àtúnwá: ẹni tó lọ ló yà sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀. Nínú ìtàn yìí, wọ́n á rí ara wọn, ikú á mú obìnrin lọ, ọkùnrin á kù sínú ọ̀fọ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló yẹ ká fẹsẹ̀ ara wa rìn wọ̀, ká mọ ojúlé tí wọ́n gbé. Orí àga ni púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí. Orin Yasunori Mitsuda ni kò jẹ́ kí àga ọ̀hún sú mi.

Ní Nisan, ìlú kan nínú géèmù náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí ère áńgẹ́lì méjì dúró sí, ìyẹ́ apá kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ní Nisan yìí kan náà ni àwòrán obìnrin kan wà tó jọ Elly bí ìbejì. Sophia ni, ẹni 500 ọdún sẹ́yìn. Lacan, Fei ti ayé ìgbà náà, ló yà á, kò sì yà á tán. Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ ju bí ìtàn ṣe bèèrè lọ.