Ikú Tí Wọ́n Dá Padà: Lámèyítọ́ lórí Endwalker, Apá Ìkẹyìn Ìtàn Final Fantasy XIV

Lámèyítọ́ lórí ìtàn alápá púpọ̀ kì í rọrùn. Apá ìkẹyìn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í dá dúró: gbogbo gbèsè tí òǹkọ̀wé ti jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ san níbẹ̀, lójú àwọn tí ó ti ń bá a bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ọdún 1938 ni Fágúnwà bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn ọdẹ rẹ̀. Ọdún 1954 ni Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tó tẹ̀lé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ àti Igbó Olódùmarè, kò sì sí aṣelámèyítọ́ tí ó lè díwọ̀n ìwé kẹta yẹn láìka méjì àkọ́kọ́ sí. Ìtàn tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò kò sí nínú ìwé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà, eré ni wọ́n ń pè é, Final Fantasy XIV sì ni orúkọ rẹ̀. Apá tí wọ́n pè ní Endwalker, èyí tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ni ó fi òpin sí ìtàn tí ó ti ń lọ láti bí ọdún mọ́kànlá.

Ó tọ́ kí ìṣẹ̀dá eré náà kọ́kọ́ yé òǹkàwé. Ilé-iṣẹ́ Square Enix ti ilẹ̀ Jàpáànù ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ kópa yóò dá ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, yóò yan ojú, orúkọ àti iṣẹ́ fún un, yóò sì máa rìn nínú ayé kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn wà nínú rẹ̀ lákòókò kan náà. Ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì ni apá ńlá kan ń kún ìtàn náà. Àwọn kan lè bèèrè ohun tí ó pa ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ eré báyìí. Ìdáhùn wà nínú àlọ́ àpagbè. Bí àwọn elégbè bá dákẹ́, apàlọ́ kò lè tẹ̀síwájú. Nínú eré yìí, elégbè náà gan-an ti di akọni. Bí kò bá rìn, ìtàn dúró. Nítorí náà, ohunkóhun tí ìtàn bá ṣe fún akọni, ara elégbè ni ó ti ń ṣe é.

Ẹni tí ó bá jókòó sí Ìbògùn, níbi tí Yunifásítì Olábísí Ọ̀nàbánjọ ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, lè wọ inú ayé náà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó ní ibi tí ọ̀fẹ́ mọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ náà fẹ ìpín ọ̀fẹ́ dé apá kẹta. Endwalker, tí í ṣe apá karùn-ún, kò sí lára rẹ̀. Nígbà tí Endwalker jáde, kò sí ibùdó ẹ̀rọ eré náà kankan ní Áfíríkà. Yúróòpù ni ó sún mọ́ Ìbògùn jù, gbogbo ìṣísẹ̀ ẹni tí ń ṣeré níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ la òkun kọjá kí ó tó di ìṣísẹ̀. Ìparí tí ènìyàn náwó tó báyìí dé gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú ìbéèrè líle.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ìdájọ́ yìí. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 ni ó kọ́kọ́ jáde, ó sì kùnà pátápátá. Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì fa iṣẹ́ lé Naoki Yoshida lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Yoshida kò kun ilé tí ó ti ya náà lọ́dà. Ó wó o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, òṣùpá kan tí ń jẹ́ Dalamud já lu ayé náà, dírágónì Bahamut jáde láti inú rẹ̀, ó dáná sun ilẹ̀, wọ́n sì ti eré náà pa. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò lè padà sí ayé yẹn mọ́ láéláé. Oṣù Kẹjọ ọdún 2013 ni ayé tuntun tó jáde. Ìparí àkọ́kọ́ yẹn ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi díwọ̀n ti ìkẹyìn. Ikú ni, ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn.

Natsuko Ishikawa, tí ó ti kọ Shadowbringers ti ọdún 2019, ni ó ṣáájú nínú kíkọ Endwalker. Ìparun tí ó kọlu ayé àtijọ́ ni ó fẹ́ padà wá. Àwọn ará ìgbà náà ti dá òrìṣà kan, Zodiark, láti dá a dúró. Venat, ọ̀kan nínú wọn, sì sọ ara rẹ̀ di Hydaelyn, ó fọ́ ayé sí mẹ́rìnlá kí wọ́n má baà máa fi ẹ̀mí bọ òrìṣà náà. Àwọn tí ó ti ń bá ìtàn náà bọ̀ lè máa retí Zodiark gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ìkẹyìn. Orí òṣùpá ni Ishikawa ti pa á, kí ìtàn tó dé ìdajì. Àrà ńlá ni èyí nínú àhunpọ̀ ìtàn, nítorí láti ibẹ̀ lọ ni òǹwòran kò ti mọ ibi tí wọ́n ń mú un lọ.

Ibì kan wà ní Garlemald, ilẹ̀ yìnyín tí ogun abẹ́lé ti sọ di ahoro, tí ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró lé lórí. Zenos gba ara akọni, wọ́n sì ti ọkàn akọni bọ inú ara jagunjagun lásán kan. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ agbára rí i pé gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ó ń wá epo fún ẹ̀rọ ogun tí ó ti dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ń sá fún àwọn tí ì bá fi ọwọ́ kan pa lánàá. Ìgbẹ̀yìn ni ó ń fi àyà wọ́ nínú òjò-dídì kí ó lè dé ibùdó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ọ̀tá tó fi ojú tirẹ̀ gan-an tàn wọ́n jẹ. Òǹkọ̀wé ìwé lè sọ pé àárẹ̀ mú akọni. Níhìn-ín, ìka ẹni tí ń ṣeré ni ó ń tẹ bọ́tìnnì tí ara kò dáhùn. Kò sí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ mìíràn tí ó lè ṣe èyí ní ọ̀nà kan náà, Endwalker sì ṣe é láìsọ àsọdùn.

Ọ̀tá gidi nínú ìtàn náà jẹ́ ìbéèrè. Akọni padà sí ayé àtijọ́, sí Elpis, níbi tí wọ́n ti ń dán àwọn ẹ̀dá tuntun wò, tí wọ́n sì ń pa èyí tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n run. Hermes tí ń ṣe alábòójútó ibẹ̀ kò lè gbé e mì. Ó dá Meteion, ẹyẹ tí ó rí bí ọmọdébìnrin, ó sì rán àwọn arábìnrin rẹ̀ lọ bá àwọn tí ń gbé inú ìràwọ̀ láti bèèrè ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wà láàyè. Òkú ni wọ́n bá. Àjàkálẹ̀ àrùn pa àwọn kan, ogun pa àwọn mìíràn. Àwọn kan ti ṣẹ́gun ikú, wọ́n wá mọ̀ pé ìràwọ̀ gbogbo yóò kú lọ́jọ́ kan. Àwọn mìíràn rí àlàáfíà pípé, wọn kò ní ohun tí wọn yóò fẹ́ mọ́, wọ́n sì tọrọ ikú. Ìran yìí yóò gbún òǹwòran Yorùbá ní kẹ́ṣẹ́. Ire àìkú wà lára ohun tí à ń tọrọ lọ́dọ̀ Ifá. Àwọn ènìyàn rèé tí ire náà tẹ̀ lọ́wọ́, òun náà ni ó sì pa wọ́n. Ìdáhùn Venat sí ìbéèrè yìí ni ìrìn. Lẹ́yìn tí ó fọ́ ayé, a rí i tí ó ń rìn la ìgbà àti àkókò já, aṣọ rẹ̀ ń ya, kò dúró. (Ẹ̀rọ ìgbàgbé Kairos, tí ó nu iyè àwọn yòókù kí ìtàn má baà ta kókó, jẹ́ ọgbọ́n òǹkọ̀wé tí ọ̀nà há mọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.)

Ultima Thule, ní òpin àgbáyé, ni àbùkù ti wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ akọni ń fi ẹ̀mí wọn lanà lọ́kọ̀ọ̀kan. Thancred ṣáájú, kí àwọn yòókù lè rí èémí mí. Estinien tẹ̀lé e. Y'shtola àti Urianger jọ lọ. G'raha Tia lọ. Àwọn ìbejì, Alphinaud àti Alisaie, ni ó kẹ́yìn. Akọni wá ń gun òkè lọ ní òun nìkan. Ìrìn náà wọni lára, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bá a rìn láti ọdún púpọ̀. Láìpẹ́ sí i, òkúta ìpè tí akọni mú lọ́wọ́ dá àwọn méjèèje padà, láìsí ọgbẹ́, láìsí àpá, láìsí èèwọ̀ kankan tí wọn yóò máa pa mọ́.

Nínú Ọba Wàjà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣe ní ọdún 1964, aláṣẹ òyìnbó dá ikú Ẹlẹ́ṣin dúró. Ikú tí wọ́n dá dúró náà kò parẹ́. Ọmọ Ẹlẹ́ṣin ni ó wá kú u. Ohun tí ó mú eré-oníṣe yẹn lágbára ni pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ san owó náà. Ní Ultima Thule, kò sí ẹni tí ó san án.

Àwọn olùgbèjà lè sọ pé ìrètí ni kókó-ọ̀rọ̀ Endwalker, àti pé ìpadàbọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ni ìdáhùn sí àìnírètí Meteion. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó já wọn ní koro. Òkúta kan náà ni ó pe Emet-Selch àti Hythlodaeus, àwọn òkú àtijọ́ méjì. Wọ́n wá, wọ́n sọ ilẹ̀ òkú náà di pápá òdòdó, wọ́n sì padà sí ibi tí àwọn òkú ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé wọn. Emet-Selch kò fẹ́ kí wọ́n jí òun. Òǹkọ̀wé mọ òfin náà dáadáa. Àwọn tí ó fẹ́ràn jù ni ó yọ̀ǹda fún.

Ìjà àṣekágbá akọni àti Zenos kò fi ohun púpọ̀ kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akọni ti kọ́kọ́ dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀ kí ó lè dúró ní òun nìkan. Òun náà kò kú. Àárín wọn ni ó ti lajú. Nígbà tí Dawntrail, apá tí ó tẹ̀lé e, jáde ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2024, Alphinaud àti Alisaie wà nínú ọkọ̀ òkun tí ń gbé akọni lọ sí ilẹ̀ tuntun.