Òfin Wo La Máa Fi Dá Ẹjọ́ Yìí?

Ní 1898, ẹjọ́ ogún kan dé ilé ẹjọ́ l'Ékòó. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Cole ti gbéyàwó nílànà ìgbàgbọ́ ní Sàró kó tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé. Èkó ló kú sí, kò sì ṣe ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ dìde, ó ní lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, òun ni ogún tọ́ sí. Opó ní rárá o, ti ọmọ tí òun bí fún olóògbé ni. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Òfin méjì ló ń gbé nínú ilé kan, oníkálukú sì di èyí tó gbè é mú. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ẹjọ́ fi dá a, arákùnrin náà ò rí ogún gbà.

Kí adájọ́ tó mọ ẹni tó jàre nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó ní láti kọ́kọ́ mọ òfin tí yóò lò. Conflict of Laws ni àwọn agbẹjọ́rò ń pe ẹ̀kọ́ náà. Àwọn mìíràn ń pè é ní private international law. Bí ẹ bá ní kí n dárúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé wa tó fi òye ṣe iṣẹ́ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n I. Oluwole Agbede ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ àpilẹ̀kọ kan sínú International and Comparative Law Quarterly, ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń gbé jáde ní England, lórí ìgbéyàwó alápá méjì lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Ẹ lọ sí Ìba tàbí Okokomaiko, lápá Ọ̀jọ́ l'Ékòó, ní Sátidé kan, ẹ ó rí i. Ní àárọ̀, alága ìdúró àti alága ìjókòó ń ṣe tiwọn, ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ti ka lẹ́tà ìtọrọ ọmọ. Ó di ọ̀sán, tọkọtaya kan náà ti wà níwájú pásítọ̀, wọ́n ń buwọ́ lùwé. Ta ló ń ronú òfin lọ́jọ́ ayọ̀? Ìgbà tí ìjà bá dé, tàbí ikú, ni ìbéèrè ń yọjú: èwo nínú ìgbéyàwó méjèèjì ló múlẹ̀? Ṣé èkejì pa àkọ́kọ́ rẹ́ ni, àbí àwọn méjèèjì jọ wà? Ohun tó wú mi lórí ni pé inú ilé wa níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbede ti mú ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì gbé e síwájú àwọn amòfin ayé gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí gbogbo wọn jókòó rò.

Èyí tí mo kà sí iṣẹ́ tó le jù ni ti 1972 nínú Nigerian Law Journal, níbi tí wọ́n ti tú ìdájọ́ Benson v Ashiru wò. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ló dá ẹjọ́ náà ní 1967. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni ìjàǹbá mọ́tò náà ti ṣẹlẹ̀, Èkó ni wọ́n ti pẹjọ́. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Títí di May 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ọ̀jọ́ àti gbogbo agbègbè Àgbádárìgì kò sí lára Èkó tó jẹ́ olú ìlú àpapọ̀ nígbà náà. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà. Mọ́tò tó gbá èèyàn ní Ọ̀jọ́ àti èyí tó gbá èèyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kàn wọ́n.

Ìlànà wo wá ni ilé ẹjọ́ lò? Ọ̀rọ̀ Jàmáíkà ló bí i. Ní 1865, Gómìnà Eyre fi ipá tẹ ọ̀tẹ̀ Morant Bay rì níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Phillips, tí wọ́n tì mọ́lé lákòókò náà, pè é lẹ́jọ́ ní England. Ìdájọ́ tó jáde ní 1870 sọ pé ohun tí wọ́n ṣe lókèèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè torí ẹ̀ pẹjọ́ ká ní England ló ti ṣẹlẹ̀, òfin ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ti dá a láre. Ìlànà yìí ni ilé ẹjọ́ wa gbà, tó fi Èkó rọ́pò England, òun náà sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbede fi odindi àpilẹ̀kọ yẹ̀ wò. Lójú tèmi, ìlànà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tí òkun pín níyà kò bá ilẹ̀ tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì mu.

Láyé ìgbà yẹn, ìwé Dicey àti Cheshire, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń gbé kiri. Ní 1989, Themes on Conflict of Laws ti Agbede jáde. Legal Pluralism tẹ̀lé e ní 1991. Ìtumọ̀ àkọlé kejì yìí ni pé òfin ìjọba, òfin ìbílẹ̀, òfin Ìsìláàmù, orí ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó gbọ́ òfin kan ṣoṣo dá náà ò jìnnà sí i.

Mi ò mọ ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò tó ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́. Ọjà Alábà kò jìnnà síbẹ̀, àdéhùn tí wọ́n sì ń ṣe nínú rẹ̀ ń kọjá òkun. Ní 1987, nínú ẹjọ́ Sonnar, ìrẹsì tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó láti Thailand bọ̀ ní Nàìjíríà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìwé ẹrù sọ pé Jámánì ni kí wọ́n ti lọ ṣe ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ àkókò ìpẹ̀jọ́ ti kọjá lọ́hùn-ún. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ̀ láti lé àwọn olùpẹ̀jọ́ lọ síbẹ̀.

Bí ẹ bá sì tẹ̀ síwájú láti Okokomaiko, ọ̀nà kan náà ló ń lọ sí Seme lẹ́nu ibodè, kó tó di Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Òfin ẹbí tí Bẹ̀nẹ̀ gbé jáde ní 2004 kò mọ̀ ju ìyàwó kan lọ, kò sì fún àṣà ìbílẹ̀ lágbára òfin mọ́. Ẹ jẹ́ ká wá rò ó pé ọkùnrin kan gbé ìyàwó níwájú ìjọba ní Àjàṣẹ́, ó fẹ́ òmíràn lọ́nà ìbílẹ̀ ní Ìba, ó kọ́lé sí Ìba, ó fowó sí báńkì ní Kútọnu, ó wá kú láìṣe ìwé ìhágún. Ní ti ilé, òfin ibi tí ilẹ̀ náà wà ni yóò tẹ̀ lé. Owó ńkọ́? A ó wádìí ibi tí bàbá náà fi ṣe ìlú rẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní fi ẹnu kò lórí ìyẹn. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin LASU tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá wá bá lọ́la ti ka Agbede, nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó Ìba ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé dé, kí wọ́n tó kan ti ilé.