Ẹ̀yìn Ìtàgé Kí Aṣọ Ìkélé Tó Dé

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe lámèyítọ́ eré ló gbà pé aṣọ ìkélé ló bí iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé, pé kí gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó àti irú rẹ̀ tó dé, gbangba ni gbogbo nǹkan wà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò ará Scotland, jókòó wòran níwájú ààfin.

Inú igbó kékeré méjì tó wà láàárín pápá ni àwọn òṣèré alárìnjó wà, wọ́n ti wọ àpò ńlá tó bò wọ́n látòkè délẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba ò jẹ́ kí èrò ya lù wọ́n. Onílù àti afunfèrè ò sinmi. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn eré rí á dá gbogbo wọn mọ̀: igbó ni yàrá ìmúra, ìránṣẹ́ ọba ni aṣọ́nà.

Òjòlá jáde látinú àpò kan, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, aṣọ tí wọ́n kùn lọ́dà sì ni awọ rẹ̀. Ẹni tó kùn ún ni mò ń rò. Ó ní láti mọ bí aṣọ ṣe ń ká tí èèyàn bá ń rákò nínú rẹ̀, kí ọ̀dà má bàa bó.

Ìran òyìnbó ló kẹ́yìn. Àwọn yòókù fà sẹ́yìn, ó ku ẹnì kan láàárín. Àpò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí funfun yọ, èrò hó yèè. Ara tẹ̀lé e: ó rù hángógó, òtútù ń mú un, ó ń fa áṣáà símú, ó ń tiro bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Clapperton fúnra rẹ̀ gbà pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ka ìròyìn yẹn, "díẹ̀díẹ̀" ló ń dá mi dúró. Ká ní àpò já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín, ó tán. Ẹni tó mú kó falẹ̀ ló ni ariwo yẹn. Òṣèré ni àbí ẹlòmíì? Awo eégún ni, mi ò ní wọnú ẹ̀kú lọ. Àmọ́ ẹ̀kú alárìnjó, ẹ̀yìn ìtàgé tó ń fẹsẹ̀ rìn ni. Atọ́kùn tó sì ń darí rẹ̀, ojú gbogbo ayé ló ti ń ṣe tirẹ̀, àtòrì lọ́wọ́.

Nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, tí àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìpamọ́ ni aṣọ ìkélé bá wa mú wá. Pípín iṣẹ́ ni: ẹnì kan ń fa okùn, ẹnì kan ń tan iná, èrò ò rí èyíkéyìí nínú wọn. Demas Nwoko ló ṣe ọnà ìtàgé àti aṣọ fún eré Lánke Ọ̀mu ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní Ìbàdàn ní 1963, orúkọ tirẹ̀ ò sọnù. Ẹni tó kan pákó ńkọ́? Ẹni tó ń di ẹrù sọ́kọ̀ lóru ńkọ́?

Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé ni mo máa ń jókòó sí báyìí. Lọ́jọ́ kan, mo yọjú rí ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì wà létè rẹ̀, ó ń gán ìdí ṣòkòtò ọba. Ìlù ti pe ọba lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin náà ò gbórí sókè. Ó fi eyín já òwú, ó gbá ọba nídìí, ọba bọ́ sójú agbo.