Ẹnìkan Kì í Jẹ́ Àwá Dé: Ìdájọ́ Àwọn Alámèyítọ́ Lórí Eré Ìdárayá inú Ẹ̀rọ Àfọwọ́mú

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò mọ sí ààfin ọba àti ilé ẹjọ́ nìkan. Ó kan alámèyítọ́ pẹ̀lú, nítorí pé onídàájọ́ ni òun náà. Ìdájọ́ tí àwọn alámèyítọ́ ṣe lórí Mario & Sonic at the Olympic Games, pàápàá èyí tí a ṣe fún ẹ̀rọ àfọwọ́mú Nintendo DS, fi èyí hàn gbangba.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni yékéyéké, ó yẹ kí a mọ ibi tí irú eré bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1983 ni ilé iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Jàpáàn gbé Track & Field jáde, nínú ẹ̀rọ ńlá tí à ń sọ owó sí kí ó tó ṣiṣẹ́. Ìdíje mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: sísáré 100 mítà, fífò jìnnà, jíju ọ̀kọ̀, sísáré fo igi, jíju òòlù àti fífò sókè. Bí ìka bá ti ń yára gbá bọ́tìnnì sí ni ẹsẹ̀ asáré inú ẹ̀rọ ń yá sí. Àwọn kan tilẹ̀ gbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù tàbí rúlà gbá a.

Nígbà tí ìdíje Òlíḿpíìkì ti ọdún 2008 ní ìlú Beijing ń bọ̀ lọ́nà, Sega ṣe eré tí ó kó Mario, ọkùnrin onírunmú ti Nintendo, àti Sonic, asáré tete tirẹ̀, pọ̀ sójú kan. Orogún ni ilé iṣẹ́ méjèèjì ní àwọn ọdún 1990. Èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn akọni wọn yóò pàdé nínú eré kan. Ti ẹ̀rọ Wii, tí à ń fi tẹlifíṣọ̀n wò, jáde ní ìparí ọdún 2007. Ti DS tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008. Ìdíje 24 ni ti Wii ní, 16 ni ti DS. Ẹni tí ó ń lo Wii yóò máa ju apá fìrìfìrì. Ẹni tí ó ń lo DS yóò máa fi gègé kékeré tí kò ní yíǹkì ha ojú ẹ̀rọ lọ, ha á bọ̀.

Ohùn àwọn alámèyítọ́ kò ṣọ̀kan. Àwọn kan yin ti DS nítorí pé kì í rẹ apá bí ti Wii. Àwọn mìíràn ní àwọn ìdíje náà jọra jù, wọn kò sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé eré náà ń dùn nígbà tí ènìyàn bá bá ẹlòmíràn ṣe é, pé ó sì ń tètè sú ẹni tí ó bá dá a ṣe. Nígbà tí a ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, máàkì Wii àti ti DS kò jìnnà sí 70 nínú 100.

Níbí gan-an ni wàhálà wà. Kí ni 70 náà ń wọ̀n? Ẹni mẹ́rin lè so DS wọn pọ̀ láìlo wáyà, kí wọ́n sì jọ díje. Alámèyítọ́ tí ó bá ẹni mẹ́ta ṣe é àti èyí tí ó dá nìkan jókòó tì í kò tọ́ ọbẹ̀ kan náà wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ̀rọ àfọwọ́mú ni ohun tí ènìyàn ń dá nìkan lò, nínú ọkọ̀ tàbí lórí ibùsùn. Àbùkù àìlẹ́gbẹ́ yìí ìbá wúwo lórí DS ju Wii lọ, ṣùgbọ́n máàkì kò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Òbí tí ó fẹ́ ra ọ̀kan ṣoṣo fún ọmọ kan ṣoṣo kò rí ìmọ̀ràn gbà níbẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ tí ó dára gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Òótọ́ ni bí ó bá jẹ́ ìtàn àròsọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń dá ayò ta kí ó tó sọ bí ayò ti dùn tó? Síbẹ̀, èyí kò dá eré náà láre pátápátá. Ẹlẹ́gbẹ́ lè bo àìjinlẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lè wò ó sàn. Ẹ̀sùn pé àwọn ìdíje náà jọra jù dúró gbọn-in.

Ojúṣe alámèyítọ́ ni láti kọ́kọ́ sọ bí òun ti ṣe eré náà, ẹni tí òun bá ṣe é, àti iye ìgbà tí òun lò nídìí rẹ̀, kí ó tó kọ iye kankan sílẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún olùkọ́ tí ó di bírò pupa mú: máàkì tí kò ní àlàyé kò kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́.