Àyè Ọ̀dọ́ nínú Ọnà Òṣogbo

Àwọn alárìíwísí kan gbà pé ọnà tí a fi ìwọ̀nba ọjọ́ kọ́ kò lè jinlẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1964, Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní Òṣogbo láti kun àwòrán. Jimoh Buraimoh, tí ń bójú tó iná fún eré Dúró Ládiípọ̀, wà lára wọn. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ sára àwòrán. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ìlẹ̀kẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀, adé ọba, tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ láti kékeré, ni ó ń múni rántí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àyè ni Òṣogbo fún un. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi ẹ̀kọ́ àfikún dí gbogbo ìsinmi oṣù kẹjọ ọmọ yín, àyè tirẹ̀ dà?